Àmì Pupa Lábẹ́ Ilé Ìyá Wa

Ẹ̀rọ tó bá ẹ̀gbọ́n mi wọlẹ̀ ṣì ń ránṣẹ́. Ó gbé e dání lọ sẹ́yìn òkè lọ́jọ́ tí ilẹ̀ ya lù ú. A ò rí òkú rẹ̀, a ò rí ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n láràárọ̀ tí mo bá tan kọ̀ǹpútà, àmì pupa rẹ̀ á yọ lórí àwòrán òkè náà.

Èmi àti òun la jọ kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán yẹn. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí a rì mọ́lẹ̀ á máa gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mì, ètò wa á sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́ di àwòrán. Ọ̀fẹ́ ni. Gbogbo ayé ló lè wo inú rẹ̀, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà sì lè tún un ṣe. Òfin kan ṣoṣo la fi dè é: ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ sí àtúnṣe ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń yẹ tèmi wò, kì í sì í gbojú fo nǹkan kan. Bí mo bá ti yọ ohun tí ẹ̀rọ kan gbọ́ kúrò kí àwòrán lè dán, á dá a padà, á kọ ọ́ sí i pé: "Má pa ilẹ̀ lẹ́nu mọ́."

Nígbà tó kú, mi ò sunkún. Ara mi kàn kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé. Mo kọ àtúnṣe tí yóò nu àmì pupa náà, mo sì fọwọ́ sí i fúnra mi. Ta ló kù tí ì bá yẹ̀ ẹ́ wò?

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹnì kan ti dá a padà. Kò lórúkọ, kò ní àwòrán ojú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ: "Má pa ilẹ̀ lẹ́nu mọ́."

Mo rò pé aláwàdà kan ni. Mo tún nù ún, ó tún dá a padà. Àmì náà sì ti kúrò níbi tó wà. Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè, níbi tí ilé ìyá wa wà.

Mo lọ bá ìyá wa. A ti bẹ̀ ẹ́ títí kó kúrò níbẹ̀, kò gbà. Ó jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ lélẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Bọ̀dá ẹ ti ń kanlẹ̀ láti àárọ̀," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mo ní kó wọlé, pé ilẹ̀kùn ò tì."

Mo tẹ́ ọwọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Ó tutù. Nǹkan ń kàn án lábẹ́, díẹ̀díẹ̀, mo ń gbọ́ ọ nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo sọ fún un pé àmì ẹ̀gbọ́n mi ti ń bọ̀ níbí, pé bóyá ó fẹ́ ká kúrò ni.

"Tó bá jẹ́ òun ló ní ká lọ," ìyá wa ní, "màá lọ."

A kó wá sí ìgboro. Kò pẹ́ tí òkè náà ya, ó sì bo ilé mọ́lẹ̀ pátápátá. Àwọn ará àdúgbò ń sọ pé orí ló yọ wá. Mo ní ẹ ṣé o. Mi ò mọ nǹkan kan lára.

Láàárọ̀ yìí, mo ṣí àwòrán náà. Àmì pupa ò sí lórí òkè mọ́. Mo wá a títí mo fi dé ìgboro níbí, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí a ò ri ẹ̀rọ kankan mọ́lẹ̀ rí. Abẹ́ ilé wa ló wà. Mo wò ó bóyá aláìlórúkọ yẹn kọ nǹkan sí i. Kò kọ nǹkan kan.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ti bọ́ bàtà.

"Ṣé kí n tún di ẹrù ni," ó bi mí, "àbí èmi ló wá mú?"