Kí Ni Onídìrí Òdìkejì Fi Ṣẹ̀ Ọ́?

Obìnrin mẹ́rin ló tò sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, lọ́dọ̀ onídìrí tó ṣí wá láti ilẹ̀ mìíràn lọ́dún tó kọjá. Ní ṣọ́ọ̀bù ìyá ìbejì, tí òun náà ń dirí, ẹyọ kan péré ló jókòó, ìyẹn náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, tó jẹ́ akọ̀wé káńsù. Owú kò jẹ́ kí ìyá ìbejì rí orí tó ń dì mọ́.

“Yéè! O fẹ́ fa irun mi tu ni?”

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò rí eṣú yẹn bó ṣe ń kó oníbàárà mi lọ?”

“Eṣú kẹ̀? Ṣebí ‘àbúrò mi’ lò ń pè é lóṣù tó kọjá!”

Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni olóṣèlú kan ti ń pariwo lórí rédíò pé eṣú ló ya wọ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ìyá ìbejì lẹ́nu. Gbogbo orí tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ló ń sọ ọ́ fún. Ní báyìí, káńsù ti tẹ ìwé jáde: àlejò tí gbogbo aládùúgbò bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ìyá ìbejì nìkan ló kù tí kò tíì fọwọ́ sí ti obìnrin òdìkejì.

“O rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni?” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ òfin yìí. Ká ní wọ́n sọ pé èèyàn ló dé ni, wọ́n á béèrè iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á béèrè ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní eṣú ló dé. Ta ló ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ eṣú? Lílé ni wọ́n ń lé e.”

“Ẹ̀yin náà ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Màá fọwọ́ sí i.”

“Ó dáa. Àyè kan wà nísàlẹ̀ ìwé náà: ‘Ohun tó fi ṣẹ̀ ọ́.’ Kọ ọ́. Má kọ ti olóṣèlú o, tìẹ ni kó o kọ.”

Ìyá ìbejì fa ìwé náà yọ lábẹ́ dígí, ó mú báírò. Ó jalè ni? Rárá. Ó bú òun rí? Ó tì o, kódà ó máa ń kí òun láràárọ̀, òun ni kì í dáhùn mọ́. Ó gbójú sókè, ó rí oníbàárà kan lódìkejì tó ń wo irun ara rẹ̀ nínú dígí, tó ń rẹ́rìn-ín. Irun náà dára, kò ṣeé purọ́ sí. Inú bí i débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ló bá kọ ọ́ wàràwàrà, ó ju ìwé náà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kà á sókè: “Ó mọ irun dì jù mí lọ.”

Ó gbójú sókè wo àbúrò rẹ̀.

“Ṣé wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù èèyàn pa nítorí ìyẹn?”

“Rárá, ẹ̀gbọ́n mi.” Ó gba ìwé náà, ó fà á ya. “Ṣùgbọ́n mo ṣì ń jowú rẹ̀ o!”

“Máa jowú ẹ. Ṣáà parí orí mi.”

Ẹ̀yin ará wa, bí olóṣèlú bá fún yín ní orúkọ tí ẹ ó máa pe àlejò, ẹ má tètè gbé e sẹ́nu, torí ohun tí gbogbo wa bá ń sọ kiri ni wọ́n fi ń ṣòfin. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi ara yín pé: kí ni ẹni yìí gan-an fi ṣẹ̀ mí? Bó bá ṣẹ̀ yín, ẹ sọ ohun tó ṣe. Bó bá jẹ́ owú ni, owú kì í ṣe ẹ̀sùn. Ẹ má gbé e lọ sí káńsù.