Iyọ̀ Màmá Àgbà Tó Di Aró

Ponmani ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó tún fi ẹ̀yìn tì í, ó wá ṣí ìgò oògùn ọgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ni oògùn náà. Oko iyọ̀ etí òkun Thoothukudi ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń sá omi òkun sóòrùn títí yóò fi di iyọ̀, ni ẹ̀gbọ́n yìí ti ń ṣiṣẹ́, iyọ̀ sì ti jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí eku ṣe ń jẹ ọṣẹ, nítorí náà áyódíìnì tí wọ́n fi ń wẹ ọgbẹ́ kì í wọ́n nílé wọn. Ponmani kán ẹ̀kán mẹ́ta sórí iyọ̀ ṣíbí kan, ó rò ó pọ̀, ó dì í sínú ọ̀rá kékeré. Iyọ̀ náà pọ́n bíi yanrìn, ó sì ń rùn bí ọsibítù.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, orí rẹ̀ sì pé. Tísà ti sọ fún un pé áyódíìnì ni nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ nílé ìwé lọ́la máa wá nínú iyọ̀ ilé oníkálukú. Ó dáa, kí nọ́ọ̀sì wá a kó sì rí i. Kíláàsì tí gbogbo iyọ̀ rẹ̀ bá yí àwọ̀ nígbà tí wọ́n bá kán oògùn àyẹ̀wò sí i ni yóò lọ ṣe ìgbafẹ́ ní Kanyakumari. Lọ́dún tó kọjá, iyọ̀ ọmọ kan kọ̀, kò yí àwọ̀, ni Petchi ọmọ kíláàsì wọn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ ọmọ náà ní Iyọ̀ Funfun, wọ́n pè é títí ó fi kúrò nílé ìwé náà.

Iyọ̀ ilé Ponmani yóò kọ̀, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Isakkiammal, ìyá bàbá rẹ̀, ti fi ogójì ọdún wa iyọ̀ lóko, kò sì gbà kí iyọ̀ inú ọ̀rá wọ ìkòkò òun. Ṣùgbọ́n Selvi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Ponmani, lóyún oṣù mẹ́rin, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un ní ọsibítù pé iyọ̀ tí wọ́n fi áyódíìnì sí ni kó máa jẹ. Ó ra ọ̀rá kan, ó fi pamọ́ sẹ́yìn àpò ìrẹsì. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Ponmani ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná yìí gan-an ni màmá àgbà rí i.

"Selvi! Ṣé èmi ni ò mọ iyọ̀, àbí ìwọ lo bí òkun?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Nọ́ọ̀sì ló ní nítorí ọpọlọ ọmọ ni."

"Ọpọlọ kẹ̀! Ọmọ márùn-ún ni mo fi iyọ̀ ọwọ́ mi tọ́. Èwo ló ya dìndìnrìn nínú wọn?"

Selvi wo bàbá ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀kan nínú márààrún. Bàbá náà wo òrùlé.

"Ó dáa," ni màmá àgbà wí. "Ponmani ń gbé iyọ̀ mi lọ ilé ìwé lọ́la. Bí wọ́n bá ní ó dáa, inú gọ́tà ni ọ̀rá yìí ń lọ. Bí wọ́n bá ní kò dáa, n ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ."

Ponmani gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kanyakumari ló wà lójú rẹ̀, kò rí ikùn Selvi rárá.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì to iyọ̀ sórí tábìlì, ó ń kán oògùn àyẹ̀wò sí i níkọ̀ọ̀kan. Ti Petchi di àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́, Petchi sì na ọrùn bí àkùkọ. Nígbà tó kan ti Ponmani, oògùn kò tíì fọwọ́ bà á tán tó fi di aró, ó dúdú ju ìdí ìkòkò lọ.

"Yéè!" ni Tísà Jebamalar ké. "Ponmani, iyọ̀ wo rèé?"

"Iyọ̀ màmá wa àgbà ni, mà."

"Ó ń rùn bí ọsibítù," ni Petchi wí.

"Imú ẹ ló ń rùn."

Nọ́ọ̀sì gbé iyọ̀ náà sókè wò. "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò rí irú èyí rí. A gbọ́dọ̀ lọ kí màmá yẹn. Lónìí náà!"

Kíláàsì hó yèè.

Kí wọ́n tó délé, ìròyìn ti ṣáájú wọn. Màmá àgbà ti fi òróró àgbọn para, ó ti wọ aṣọ ọdún, àwọn obìnrin àdúgbò mẹ́ta sì ti gbé abọ́ wá tọrọ iyọ̀.

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé! Mo ti sọ fún wọn! Òkú iyọ̀ ló wà nínú ọ̀rá, alààyè ló wà lọ́wọ́ mi. Selvi, gbé tìẹ jáde o. Àdéhùn ni àdéhùn."

Selvi dúró létí gọ́tà. Ó fi ọwọ́ kan gbé ọ̀rá iyọ̀, ó fi ọwọ́ kejì di ikùn mú. Ponmani wo ọwọ́ orí ikùn yẹn, ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á. Bó bá sọ̀rọ̀, Kanyakumari ti lọ nìyẹn, wọ́n á sì máa pe òun náà ní Iyọ̀ Funfun. Bó bá dákẹ́, ọmọ tí kò tíì rí ayé ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Selvi fi eyín já ọ̀rá náà.

"Aǹtí Selvi, ẹ má dà á nù!" ni Ponmani ké. "Oògùn ẹsẹ̀ bọ̀ọ̀dá ni mo kán sí i!"

Selvi yọ ọ̀rá kúrò lẹ́nu.

"Oògùn ẹsẹ̀ ta ni?" ni màmá àgbà béèrè.

Nọ́ọ̀sì bu iyọ̀ láti inú ìkòkò màmá àgbà, ó kán oògùn sí i. Ó funfun.

"Ẹ tún kán an sí i," ni màmá àgbà wí.

Ó tún funfun.

"Oògùn yín ti bà jẹ́!"

Nọ́ọ̀sì kán an sí iyọ̀ Selvi. Ó di àlùkò. Màmá àgbà rọra jókòó.

"Mà, iyọ̀ yín mọ́, ó sì dùn," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ṣùgbọ́n áyódíìnì inú òkun kì í tó nǹkan mọ́ tí oòrùn bá ti gbẹ ẹ́ di iyọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi díẹ̀ bíńtín kún un. Òun ló ń jẹ́ kí ọpọlọ ọmọ inú oyún dàgbà bó ṣe yẹ. Ti inú ìgò ọgbẹ́ yẹn kì í ṣe jíjẹ o, Ponmani!"

Màmá àgbà yíjú sí ìyàwó ilé. "Selvi, mo tọrọ àforíjì. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ti ọmọ inú rẹ wọ́ kó tó dé ọjà. Gbé e wá, èmi fúnra mi ni n ó dà á sínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rá yẹn má dúró nílé ìdáná mi, ojú ẹ̀ ò wù mí."

Kíláàsì Ponmani kò lọ sí Kanyakumari mọ́, kò sì sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà, àfi láti pè é ní Iyọ̀ Funfun. Tísà Jebamalar ní kó máa tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì kiri àdúgbò àwọn oníyọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó máa yẹ iyọ̀ wò, kó sì máa kọ ọ́ sínú ìwé.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n kan ilé Petchi. Petchi na apá dí ẹnu ọ̀nà.

"Tiwa ti yí àwọ̀ nílé ìwé. Ẹ máa lọ."

"Tiwa kọ́ o," ni ìyá rẹ̀ dáhùn láti inú ilé. "Ilé kejì ló ti lọ tọrọ èyí tó gbé lọ. Tiwa rèé, ẹ gbà."

Ó funfun. Petchi fa Ponmani sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ ohùn rẹ̀ di wúyẹ́wúyẹ́. "Ponmani, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ṣé ìgò yẹn ṣì wà?"

Ponmani rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da oògùn àyẹ̀wò nù. Nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kàndínlógójì tí wọ́n ti yẹ̀ wò, mọ́kànlélógún ni iyọ̀ rẹ̀ funfun, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ gbogbo wọn ló yí àwọ̀ nílé ìwé! Ìgbà náà ló yé e pé kì í ṣe torí kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fúnni ni àyẹ̀wò ṣe wà. Ó wà kí a lè mọ ibi tí ó kù sí, kí a sì tún un ṣe, ẹni tó bá tàn án jẹ, ara rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ ló tàn.

"Funfun ni mò ń kọ, Petchi," ló wí. "Bí mo bá kọ òótọ́, nọ́ọ̀sì á fún ìyá ẹ ní iyọ̀ tó dáa. Bí mo bá kọ irọ́, irọ́ náà lẹ máa fi se ọbẹ̀."