Etí Lẹ́yìn Tẹlifóònù Ọlágúnjú

"Ìyá Yéwándé! Ẹ jáde síta! Ẹ jáde kí n rí ojú ẹni tó pa mí láì fi ọ̀bẹ gún mi!"

Soumanou ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú àgbàlá Ọlágúnjú oníṣòwò pákó, ní Akron, nílùú Àjàṣẹ́. Awakọ̀ ni Soumanou, ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ ti ranko.

Ọdún kẹta nìyẹn tí àwọn ológun ti gbàjọba, àsìkò tí kálukú ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ọlágúnjú nìkan ló ní tẹlifóònù ládùúgbò, ilé rẹ̀ ni gbogbo èèyàn sì ti ń bá àwọn ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀. Òfin ilé náà ni pé bí àlejò bá ti gbé e sétí, gbogbo ará ilé yóò bọ́ sí àgbàlá. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ń jò níbẹ̀ bí omi inú agbè tó ti là. Aboudou, aládùúgbò wọn kan, ráhùn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀ pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ìgbìmọ̀ àdúgbò ń kó àwọn ṣe ti pọ̀ jù. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ fi ní kó wá kúnlẹ̀ ṣàlàyé ẹnu rẹ̀. Ó wá kan Soumanou.

"Kí ni mo ṣe fún ọ, ọmọ mi?" Ìbídùn, ìyálé ilé, ló béèrè bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń jáde síta.

"Ẹ tún ń bi mí! Wọ́n ń sọ ọ́ kiri ọjà Ouando pé àrùn burúkú wà lára mi! Àwọn òbí Clémentine, àfẹ́sọ́nà mi, ti ránṣẹ́ láti Houinmè pé àwọn ò fọmọ fún alárùn! Ilé yìí nìkan ni mo ti fi Ẹ̀gùn bá arákùnrin ìyá mi sọ̀rọ̀. Ta ló sì gbọ́ Ẹ̀gùn nílé yìí bí kò ṣe ẹ̀yin?"

Gbémisọ́lá, ìyàwó kejì, pàtẹ́wọ́. "Ó tú! Ó tú wàyí! Ìyálé mi, ọmọ Àjàṣẹ́, tó ń mu Ẹ̀gùn bí ẹní mumi! Èmi ọmọ Abẹ́òkúta, bí wọ́n bá fi Ẹ̀gùn bú mi, ẹ̀rín ni mà á rín! Ẹ wo ojú wọn bí ojú ológbò tó jẹja!"

Obìnrin yìí burú! Kì í ṣe Soumanou ló ń bá jà. Ipò ìyálé ló ń wá, ó sì ń fi orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ṣe àtẹ̀gùn dé ibẹ̀.

Ọlágúnjú, tí ìyàwó kékeré nìkan ń rí etí rẹ̀ lò, na ìka sí ìyálé. "Ìyá Yéwándé, o dójú tì mí lójú gbogbo ayé. Di ẹrù rẹ! Kí ilẹ̀ tó ṣú, kí n má bá ọ nílé mi!"

Ìbídùn ò sunkún. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá Yéwándé, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ n béèrè ohun kan kí n tó lọ. Soumanou, kí lo sọ gan-an? Sọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́."

"Mo ní mo ti rí iṣẹ́ ńlá ní Kútọnu, pé kó má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní: azọ́n daho."

Ìbídùn dìde fùú. "Azọ́n! Ẹ gbọ́ o! Ohùn òkè! Iṣẹ́ nìyẹn. Azọ̀n, tí ohùn rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ni àrùn. Bí ọkọ́ ṣe jìnnà sí ọkọ̀ ni! Ọmọdé Akron kan ò lè ṣì í gbọ́. Ẹni tó gbé iṣẹ́ Soumanou dé ọjà tó wá sọ ọ́ di àrùn, ààbọ̀ Ẹ̀gùn ló gbọ́!"

"Irọ́ ni!" Gbémisọ́lá fò sókè. Agídí ò jẹ́ kó rántí ara rẹ̀. "Azọ̀n ló sọ! Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní ohun tí mo gbọ́? Ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà ni mo wà nígbà tó..."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀!

"Háà!" Aboudou ké látẹnu ọ̀nà. "Ìwọ lo fi mí kúnlẹ̀ níwájú àwọn ọmọ tí mo lè bí!"

Gbémisọ́lá di ẹsẹ̀ ìyálé mú, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ọlágúnjú na ìka sí ẹnu ọ̀nà. Ẹrù tó fẹ́ kí ẹlòmíràn dì, òun ló rù ú lọ sí ibùdókọ̀, tí àwọn obìnrin àdúgbò ń hó lé e lẹ́yìn.

Ọlágúnjú tẹ̀lé Soumanou lọ sí Houinmè. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn òbí Clémentine, wọ́n sì gbà láti fọmọ fún Soumanou. Nígbà tó délé, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìbídùn, ìyẹn sì forí jì í. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ń gba iwájú ilé kọjá láì kí wọn.

Lọ́jọ́ kan, tẹlifóònù dún. Ẹ̀gbọ́n Aboudou ló ń wá àbúrò rẹ̀. Ọlágúnjú sáré jáde lọ pè é.

Aboudou ò tilẹ̀ yọjú. "Ẹ sọ fún un pé mo ti kú!"

Ọlágúnjú padà wọlé. Ẹni tó ń pè ṣì ń dúró. Ó na tẹlifóònù náà sí Ìbídùn.

"Ìyá Yéwándé, bá mi dá a lóhùn. Kì í ṣe ojú nìkan ló ń tì mí mọ́. Etí náà ń tì mí."