Níbo Ni Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Wà?

"Sístà Mojí, ẹ gbóòórùn omi yìí ná."

Fúnmiọlá gbé korobá sílẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mojí bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó sì yára fà sẹ́yìn. Omi náà ti pọ́n, irun wẹ́wẹ́ ń léfòó lójú rẹ̀, ó sì ń rùn bí ọbẹ̀ tó ti kan.

"Jẹ́ kó sinmi díẹ̀, á tòrò," ni Mojí wí.

"Kò ní í tòrò."

Ṣẹ̀fíátù ló dáhùn lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Sàlàkọ́ aránṣọ ni, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà láàárín ìlú Ọ̀wọ̀, yàrá kan náà ni òun àti Fúnmiọlá sì jọ ń gbé. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti bó, eruku sìmẹ́ńtì sì kún aṣọ rẹ̀.

"Mo gun orí tánkì lọ láàárọ̀ yìí," ó ní. "Kò ní ìdérí mọ́. Òkété ló kú sínú ẹ̀, ó ti wú, ara rẹ̀ ti ń já. Omi tí gbogbo wa ń mu látọjọ́ yìí nìyẹn."

Fúnmiọlá sáré jáde, ó ń bì.

Ọdún 1981 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìtànná, lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀dà tuntun àti orúkọ ńlá, ṣùgbọ́n inú ń run àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin rẹ̀, ibà sì ń dá wọn dùbúlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kànga kan ṣoṣo tó mọ́ wà lẹ́yìn ilé àwọn olùkọ́. Wọ́n ti àgádágodo mọ́ ọn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ignatius, ẹni tí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Òun náà ló ti sọ fún ọ̀gá àgbà pé òun ti fọ tánkì ilé àwọn obìnrin. Irọ́ ni. Bí ọ̀gá àgbà bá gbọ́ òótọ́, Ọ̀gbẹ́ni Ignatius á pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Màá sọ ọ́ lórí òkúta ní Ọjọ́bọ̀," ni Ṣẹ̀fíátù wí.

Kò sí ẹni tí kò mọ òkúta náà. Abẹ́ igi máńgòrò níwájú gbọ̀ngàn ló wà, ó ga tó orúnkún, Òkúta Ọ̀rọ̀ sì ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ fẹ́ kí àwọn ọmọ lè sọ tinú wọn láìbẹ̀rù, wọ́n sì kọ òfin rẹ̀ sára ògiri gbọ̀ngàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ẹjọ́ á gun orí òkúta lásìkò ìsinmi ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, á sọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí. Ọ̀gbẹ́ni Ignatius gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó sì gbé e tọ ọ̀gá àgbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹni tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ̀rọ̀ sí àwọn aláṣẹ níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti sí lórí òkúta, ọlọ̀tẹ̀ ni. Lílé ni wọn yóò lé e. Òfin tó dára ni, bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn rere.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rin ìrìn àjò nílé-ẹ̀kọ́. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ó ti dé etí Ọ̀gbẹ́ni Ignatius. Kò pe Ṣẹ̀fíátù. Mojí ló ránṣẹ́ sí.

Ó fún un ní àga, ó bá a rẹ́rìn-ín. "Mojí, mo ń wá olórí tuntun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Yàrá tirẹ̀ nìkan ló máa ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn olùkọ́. Kọ́kọ́rọ́ kànga yóò sì máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ ló wà lọ́kàn mi."

"Ẹ ṣé, sà!"

"Ọ̀rẹ́ àbúrò rẹ yẹn, ọmọ Sàlàkọ́, mo gbọ́ pé ó fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lọ́la. Ọmọ tó níwà ni, àbí?"

"Ó níwà dáadáa, sà."

"Ọmọ tó níwà kì í nàró lókè bá àgbà sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i. Bó bá gbàgbé, ó yẹ kí ẹnìkan rán an létí. Ìyẹn náà ni." Ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. "Ronú sí i."

Mojí kì í ṣe òmùgọ̀. Kí ó tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ti mọ ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe. Ó rántí ìyá wọn, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Isuada, bó ṣe di ọwọ́ Fúnmiọlá mú lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀, tó fi í lé òun lọ́wọ́: "Bí mo ṣe fún ọ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe dá a padà fún mi o." Bí kọ́kọ́rọ́ kànga bá wà lọ́wọ́ òun, ṣé Fúnmiọlá kò ní máa mu omi tó mọ́ ni? Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù. Báyìí ni Mojí ṣe parọ́ fún ara rẹ̀, tó sì fi òwe àwọn àgbà gbè é lẹ́sẹ̀. Ohun tó wù ú gan-an ni oyè náà àti yàrá tirẹ̀ nìkan.

Ní Ọjọ́bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kún abẹ́ máńgòrò. Ọ̀gbẹ́ni Ignatius jókòó síwájú pẹ̀lú bébà àti gègé rẹ̀. Ṣẹ̀fíátù gun orí òkúta. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Ẹ káàsán o. Orúkọ mi ni Ṣẹ̀fíátù Sàlàkọ́. Ohun tí mo fojú mi rí ni mo fẹ́ sọ."

"Ṣẹ̀fíátù!" Mojí ti dìde láàárín èrò. "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn? O nàró gàgàrà sókè orí àgbà, o ń bá wọn sọ̀rọ̀! Sọ̀ kalẹ̀ kó o kúnlẹ̀ kí wọn ná!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ní, "Òótọ́ ni o! Kúnlẹ̀ ná!" Ojú ti Ṣẹ̀fíátù. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi ẹgba kọ́ ní ìkíni láti kékeré ni. Ó wo Mojí, ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì rí ibi kankan lójú rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú Ọ̀gbẹ́ni Ignatius.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú. Ẹ káàsán, sà."

Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́ fún un.

"Káàsán, ọmọ mi," ni Ọ̀gbẹ́ni Ignatius wí. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ọwọ́ náà kò sì kúrò níbẹ̀. "Ọmọ gidi ni ọ́. Kí ló dé? Kí ló ń dùn ọ́? Wí fún mi."

Ta ni yóò dákẹ́ nígbà tí àgbà bá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ ni Ṣẹ̀fíátù ti sọ gbogbo rẹ̀: tánkì tí kò ní ìdérí, òkété tó ń jẹrà, àwọn tó ń ṣàìsàn, àti irọ́ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ignatius ń mirí, kò kọ nǹkan kan.

"Ṣé o ti parí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ ṣé, sà."

Ó dìde, ó kọjú sí èrò. "Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ yìí ti pe aláṣẹ ní òpùrọ́. Nígbà tó ń sọ ọ́, níbo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà?"

Gbogbo ojú lọ sí òkúta tó ṣófo.

"Mojí, níbo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà?"

Mojí ní, "Ilẹ̀ ni, sà."

Ṣẹ̀fíátù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkúta, ó wá wo Mojí. Ìgbà yẹn ló tó yé e. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni Ọ̀gbẹ́ni Ignatius wí, ó sì ká bébà rẹ̀ tí kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí.

Wọ́n lé Ṣẹ̀fíátù, bàbá rẹ̀ sì wá mú un lọ́jọ́ kejì. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò rántí bọ́ ọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Ignatius, ẹni tó lè bí lọ́mọ, ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Bàbá, ẹ kò kọ́ ọmọ yín nílé ni," ni èsì tó gbà.

Sàlàkọ́ yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí lo ṣe fún wọn?"

"Mo kúnlẹ̀ kí wọn ni, Bàbá."

 Baba àgbàlagbà náà gbé àpótí ọmọ rẹ̀ karí. "Ọma mi, má sunkún mọ́. Jẹ́ á re ulí," ó ní, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Ignatius fi ìdérí irin bo tánkì, ó sì ti àgádágodo mọ́ ọn. Kò fọ̀ ọ́. Ó bo òkété mọ́ inú ẹ̀, ó ní òun ti tún un ṣe.

Mojí di olórí. Omi àkọ́kọ́ tó fà nínú kànga, Fúnmiọlá ló gbé e lọ fún. Ó tutù, ó mọ́ gaara. Fúnmiọlá wo omi náà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ gbé e padà, Sístà Mojí. Ṣẹ̀fíátù ni ẹ tà tí ẹ fi ra omi yìí. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń mu ni èmi náà á máa mu."

"Má ya wèrè! Nítorí rẹ ni mo ṣe ṣe é!"

"Mo bẹ̀ yín ni?"

Inú bí Mojí, ó gbé omi rẹ̀ lọ. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, pé òùngbẹ á kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ibà ló kọ́kọ́ dé. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gbé Fúnmiọlá lọ sí ọsibítù pẹ̀lú ibà jẹ̀funjẹ̀fun, kò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. "Omi tó ń mu ni," ni dókítà wí. "Ẹ lọ tún omi yẹn ṣe o, kí àwọn tó kù má baà tẹ̀ lé e."

Ní Ọjọ́bọ̀, Mojí gun orí òkúta.

"Omi ilé àwọn obìnrin ló ń pa àbúrò mi!" ó kígbe. "Òkété ló kú sínú tánkì. Wọn kò fọ̀ ọ́ rí!"

Ọ̀gbẹ́ni Ignatius mú gègé rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yí padà rárá. "Òfin sọ pé ohun tí o fojú ara rẹ rí. Ṣé o rí òkété náà?"

"Rárá, sà. Ṣẹ̀fíátù ló rí i."

"Ó dára. Ṣẹ̀fíátù dà?"

 Ṣẹ̀fíátù wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ̀ láàárín ìlú, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

"Ẹ jẹ́ ká ṣí tánkì wò, sà!"

"Akẹ́kọ̀ọ́ kò láṣẹ láti ṣí i. Ta ló tún rí òkété?"

Kò sí ẹni tó dáhùn. Wọ́n ti rí bí wọ́n ṣe lé ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ohùn kan ló wá jáde láti ẹ̀yìn, ó ń sín Mojí jẹ: "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn? Sọ̀ kalẹ̀ kó o kúnlẹ̀ ná!" Ẹ̀rín bú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí aago fi lù, kálukú sì gba kíláàsì rẹ̀ lọ. Mojí nìkan ló kù lórí òkúta. Kò sí ẹni tó lè fìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Ibà náà kò pa Fúnmiọlá. Lọ́jọ́ tó lajú, Mojí kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbọ́n ń kúnlẹ̀ fún àbúrò, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: yàrá, kọ́kọ́rọ́, ìlérí Ọ̀gbẹ́ni Ignatius. Ó sunkún títí. "Dárí jì mí, Fúnmiọlá. Èmi ni mo fà á. Dárí jì mí."

Fúnmiọlá ń wo ẹnu rẹ̀.

"Sístà Mojí, kí lẹ ń wí? Ẹ sọ ọ́ sókè."

Mojí sọ ọ́ sókè. Ó pariwo rẹ̀ títí àwọn aláìsàn fi ń yíjú wò ó.

"Ẹnu yín ń mì," ni Fúnmiọlá wí, ẹ̀rù ti ń bà á, "ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nǹkan kan."

Ibà náà ti ba etí rẹ̀ méjèèjì jẹ́. Dókítà ní kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i. Nígbà tí ìyá wọn dé láti Isuada, tó pe orúkọ ọmọ rẹ̀ tí ọmọ náà kò bojú wẹ̀yìn, kò bi Mojí ní ìbéèrè kankan. Ó wò ó lásán. Ìyẹn burú ju ègún lọ.

Nígbà tí wọ́n wọ ìsinmi, Ọ̀gbẹ́ni Ignatius pe àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì fọ tánkì náà. Ọ̀gá àgbà yìn ín pé ó mọṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó ju òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ bá àwọn pa ẹnu ẹlòmíràn dé, tí wọ́n fi oyè lọ̀ yín, ẹ rántí pé ẹnu yẹn lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí ì bá gbèjà yín lọ́la. Òfin tó ní kí ènìyàn sọ̀rọ̀ kò wúlò fún ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ta ara wọn.

Fúnmiọlá ti kọ́ láti máa wo ẹnu àwọn ènìyàn kí ó lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹnu gbogbo ènìyàn ló ń wò, àfi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí Mojí bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, ó máa ń gbé ojú rẹ̀ kúrò.