Abọ́ Búlúù Tó Hó Létí

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Mùsílímátù, abọ́ ló wá rà ní ìsọ̀ ìyá mi ní ọjà Roxy, l'Adjamé, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ó ga débi pé ó ní láti tẹ orí ba kó tó lè wọlé.

Abọ́ tánganran ni ìyá mi ń tà, bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà lọ́jà náà. Ọdún 1991 ni. Yunifásítì ni mo wà nígbà náà, ìṣirò ni mò ń kọ́, mi ò sì lè jókòó lásán. Mo to abọ́ funfun àti abọ́ búlúù sílẹ̀, mò ń wá bí wọ́n ṣe lè pààrọ̀ ipò láìfo ara wọn.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ̀ ń ta abọ́ yìí ni, àbí ẹ̀ ń fi ṣeré?"

"Méjèèjì ni."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó sún abọ́ búlúù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó ti ń dà mí láàmú láti àárọ̀ bá yanjú.

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù nìyẹn. Tí ọ̀nà bá dí, ẹni tí bọ́ọ̀lù ò sí lọ́wọ́ ẹ̀ ló máa yà fún ẹni tó mú un dání."

Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló ń gbá, fún ẹgbẹ́ obìnrin kan ní Treichville. Láti ọjọ́ náà ló ti ń yà sọ́dọ̀ mi. A ó to abọ́ funfun márùn-ún sílẹ̀, àwọn ọ̀tá nìyẹn, àti búlúù márùn-ún, àwọn tiẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn búlúù náà ti hó létí.

"Èyí tó ti fara gbọgbẹ́ yìí lèmi," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù náà rárá. "Ọmọ Mùsùlùmí, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé níwájú ọkùnrin," ló máa ń wí. Ìyá mi ní tirẹ̀ fẹ́ràn Mùsílímátù, ṣùgbọ́n ó ní òun ò rí ibi tí ìyàwó tó ń fò sókè kiri máa jókòó sí. Bàbá mi ti kú, èmi nìkan lọmọ. Nílé wa, ìyàwó àkọ́bí ló ń gba ìjókòó ìyá ọkọ ní ìsọ̀, ẹ̀yìn sì ti ń dun ìyá mi gidigidi.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Mùsílímátù fò sókè pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, kò sì balẹ̀ dáadáa. Láti ibi tí mo jókòó ni mo ti gbọ́ bí orúnkún rẹ̀ ṣe ró. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láé.

"Ọlọ́run ti bá wa parí ọ̀rọ̀," ni ìyá mi wí. Ó sunkún nígbà tó ń sọ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé kò dáa láti dúpẹ́ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àwọn ẹbí mi wá tọrọ rẹ̀ fún mi. Wọ́n fi ìgbéyàwó sí oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn àgbà á lè wọkọ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kó tó dìgbà náà, ó ń wá jókòó ti ìyá mi ní ìsọ̀. Ó ń tajà dáadáa. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá ti lọ, abọ́ á tún balẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ á yí i ká, á máa fi hàn wọ́n bí wọ́n á ṣe sá àti bí wọ́n á ṣe yà.

Ibẹ̀ ni Mádàámù Clémentine bá a. Òun ni olórí eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Bouaké. Ó dúró, ó wo abọ́ fún ìgbà pípẹ́.

"Àwọn ọmọ mi ò ní akọ́nimọ̀ọ́gbá," ló wí. "Octobre la máa bẹ̀rẹ̀. Ṣé wàá wá?"

Nígbà tó lọ tán, ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bouaké jìnnà, ìyàwó mi."

"Màmá, mo lè máa wálé."

"Lọ́jọ́ wo?"

"Lundi, ọjọ́ Ajé."

"Lundi tí ọjà ń sùn? Samedi ńkọ́, Sátidé tí èrò ń pọ̀ jù?"

"Samedi la máa ń gbá bọ́ọ̀lù, Màmá."

Ìyá mi fọwọ́ gbá ẹ̀yìn ara rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mi ò bínú sí ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yìí ò gbé ìsọ̀ mọ́. Tí o bá lọ, wọ́n á wá ẹlòmíràn fún Ṣéhù ọmọ mi."

Mo sin Mùsílímátù lọ sílé wọn ní Williamsville. Ó ń tiro díẹ̀.

"Ṣéhù mi, ní kí n má lọ. Tó bá ti ẹnu ẹ jáde, mi ò ní lọ."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò síbí sọ́hùn-ún. Kí n bá a lọ? Ta ni màá fi ìyá mi sílẹ̀ fún? Kí ó dúró? Mo rántí ojú rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ yẹn yí i ká. Gbogbo ohun tó dojú rú ni mo gbà pé ó ní ojútùú. Èyí náà ní, ó kàn ń dunni ni.

"Mùsí, ọwọ́ ta ni bọ́ọ̀lù wà?"

Ó mọ ohun tí mo ń sọ. Ó gbé orí lé mi léjìká, ó sunkún títí èjìká aṣọ mi fi tutù.

"O ti yà fún mi nìyẹn," ló wí.

Mo bá a gbé àpò rẹ̀ dé ibùdókọ̀ l'Adjamé. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé ọkọ̀, mo dì í mú títí ọkọ̀ fi gbéra. Ní oṣù Kejìlá, ẹnì kankan ò wá láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyàwó tí wọ́n wá fún mi ti wà ní ìsọ̀. Obìnrin kan láti Abobo ń wá abọ́ olówó pọ́ọ́kú. Ó fa búlúù kan yọ lábẹ́ tábìlì.

"Èyí ti hó létí. Ẹ dín in kù fún mi."

Ìyá mi, tí kì í jẹ́ kí oníbàárà lọ lọ́wọ́ òfo, dìde pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún, ó rọra gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sábẹ́ tábìlì.

"Ẹ má bínú, tantí," ló wí. "Ìyẹn kì í ṣe títà. Ó ní ẹni tó ni ín."