Ẹni Tó Di Okùn Náà

Ìtàn tí àwọn ará ìlú Kanazawa ní Japan máa ń sọ nípa ilé eré kékeré tó wà lẹ́bàá odò Asano dùn létí, ṣùgbọ́n adùn ìtàn kì í ṣe ẹ̀rí òtítọ́. Wọ́n ní lọ́dún tí ọ̀gá òṣèré Ejiri Gensaku kú láàárín eré, aṣọ́lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń jókòó lẹ́yìn ìtàgé láti ràn án lọ́wọ́, ló gba ìbòjú lójú òkú, tó fi í sójú ara rẹ̀, tó jáde, tó sì jó ijó ìkẹyìn dópin láìsí ẹni tó fura. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sún mọ́ eré Nō, eré ìbòjú àtayébáyé wọn, rí ìbá béèrè pé, ta ló bá a di okùn ìbòjú náà? Ẹ̀yìn orí ni wọ́n ti ń ta kókó rẹ̀, lórí irun àtọwọ́dá, kò sì sí òṣèré tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í. Ẹlòmíràn ló ń bá a dì í. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó béèrè. Ìtàn náà ti dùn jù.

Mitsuyo, aṣọ́lẹ́yìn náà fúnra rẹ̀, ló mọ̀ dájú pé irọ́ ni ìtàn náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó padà débẹ̀, yìnyín ń bọ́ wẹ́wẹ́ sórí àwọn òrùlé. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ kẹ́yìn. Ilé ìkẹ́rù tí wọ́n ti ń ṣe miso, èlò ọbẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, ni ilé eré náà tẹ́lẹ̀ rí. Òórùn rẹ̀, tó jọ ti irú tó ti pẹ́ nínú ìkòkò, kò sì tíì kúrò lára ògiri. Fumie, ọmọ olóògbé, tó ń bójú tó ibẹ̀ báyìí, ló pè é lórí fóònù. Ó ní àwọn fẹ́ tún eré ọjọ́ náà ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́, àti pé bí ó bá ti parí, òun yóò kéde níwájú gbogbo èèyàn pé orúkọ Mitsuyo ni ilé eré náà yóò máa jẹ́.

Nítorí ìkéde yẹn ni Mitsuyo ṣe wá. Ó fẹ́ dá a dúró. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé sẹ́nu láti Toyama, ìlú tó ń gbé, títí dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, Fumie wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, wọ́n sì ti mú un jókòó sí iwájú, láàárín àwọn ìyá àgbà méjì tí kò mọ̀ ọ́n.

"Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi," ni èyí tó gbé radíìṣì funfun, ewébẹ̀ oníṣu gígùn kan, sórí ẹsẹ̀ wí. "Ṣé ẹ ti gbọ́ nípa aṣọ́lẹ́yìn yẹn?"

Mitsuyo ní òun gbọ́ díẹ̀.

"Obìnrin bí ọkùnrin mẹ́wàá ni. Òkú wà nílẹ̀, ó ń jó. Èmi náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ?" ni ìkejì fèsì láti apá kejì. "Ìwọ tí ọkọ rẹ dákú nídìí oúnjẹ, tó o sá jáde?"

"Mo lọ pe èèyàn ni."

"O pè é títí dé ilé ìyá rẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín sínú aṣọ ọrùn wọn. Mitsuyo wo ọwọ́ ara rẹ̀. Iná kú.

Eré obìnrin kan tó ń dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n ti pa tì ni. Ní apá kìíní, ojú lásán ni olórí òṣèré fi ń ṣe arúgbó tó ń gbá ibùdókọ̀ náà. Ní apá kejì, òun kan náà ni yóò padà wá bí ẹ̀mí obìnrin náà nígbà èwe rẹ̀, ní aṣọ funfun, pẹ̀lú ìbòjú. Láàárín méjèèjì, yóò wọ inú yàrá dígí lọ múra, aṣọ́lẹ́yìn yóò sì tẹ̀ lé e. Inú yàrá náà ni ọkàn Mitsuyo wà láti ogún ọdún ó lé.

Lọ́jọ́ náà, Ejiri jókòó níwájú dígí pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, ètè rẹ̀ dúdú bí ẹni tó fi ẹnu kan tàdáwà. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọdé.

"Mitsuyo, àyà ń fún mi. Má di ìbòjú náà fún mi. Ìwọ ni kó o jáde."

Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tuntun. Àṣà Nō ni pé bí olórí òṣèré bá ṣubú, aṣọ́lẹ́yìn ni yóò dìde gba ipò rẹ̀. Eré kì í dúró. Ìdí tí wọ́n fi ń fi í sẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. Mitsuyo mọ gbogbo ìṣísẹ̀ ijó náà bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aṣelámèyítọ́ wá láti Tokyo lọ́jọ́ náà, kò sì tíì jó níwájú àjèjì rí. Ẹ̀rù àbùkù bá a ju ẹ̀rù ikú ẹlòmíràn lọ.

"Ọ̀gá, ẹ mọ́kàn le," ni ó wí. "Ijó kan péré ló kù."

Ejiri kò bá a jiyàn. Ó tẹrí ba fún ìbòjú bí ìṣe wọn, ó sì na ọrùn sílẹ̀ fún un. Mitsuyo di okùn náà, ó fà á títí ó fi le, gẹ́gẹ́ bí Ejiri fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọ. Bí Fumie ti ń gbé tíì wọlé, bẹ́ẹ̀ ni òun ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde lọ síbi ìjókòó rẹ̀ lẹ́yìn ìtàgé, níbi tí wọn kì í tan iná sí nínú ilé eré olóde-òní yẹn, tí òǹwòran kankan kò ti lè rí i. Ó fa okùn aṣọ ìkélé. Aṣọ gòkè. Ẹ̀mí obìnrin náà gba orí afárá onípákó tó so yàrá dígí mọ́ ìtàgé wọlé.

Mitsuyo kò rí ijó tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun kan ṣoṣo ló ṣe é ní kàyéfì. Wọ́n ri àwọn ìkòkò ńlá miso mọ́ abẹ́ pátákó ìtàgé, kí ẹsẹ̀ òṣèré lè máa dún bí ààrá nígbà tó bá jan ilẹ̀. Lọ́jọ́ náà ẹsẹ̀ balẹ̀, ìkòkò kò dáhùn. Mitsuyo ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó ti rẹ ọ̀gá ni.

Nígbà tí ijó parí tí Mitsuyo sáré wọ yàrá dígí, Ejiri ti wà lórí ìjókòó rẹ̀ tòun ti ìbòjú, Fumie gbá a mú léjìká. Mitsuyo tú okùn. Ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀ tutù bí òkúta odò, kò sì sí òógùn kankan níbẹ̀. Dókítà kan tó wà láàárín àwọn òǹwòran yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọkùnrin yìí ti kú kí apá kejì tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni gbogbo ojú yí sí Mitsuyo tó mú ìbòjú lọ́wọ́. Fumie fi iwájú orí kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń dúpẹ́. Mitsuyo gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé dókítà ṣàṣìṣe, pé Ejiri jó, pé ijó náà ló pa á. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ìbá fi sọ pé "èmi kọ́ ni mo jó" ni ìbá fi sọ pé "èmi ni mo rán an jáde." Ó dákẹ́. Wọ́n pe ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ní ìrẹ̀lẹ̀.

Ariwo ló mú Mitsuyo padà wá láti inú ìrántí náà. Ọmọbìnrin tó ń ṣe ẹ̀mí náà lónìí, tí kò tó àpò ìrẹsì kan lórí ìwọ̀n, ti jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ìkòkò abẹ́ ilẹ̀ bú jáde, eruku jábọ́ láti orí igi àjà, radíìṣì ìyá àgbà yí lọ sábẹ́ àga. Ẹsẹ̀ fífúyẹ́ bẹ́ẹ̀, ìkòkò sì dáhùn. Bí ijó ti parí, Mitsuyo kò dúró de ìkéde kankan. Ó dìde, ó sì gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wọlé.

Fumie nìkan ló kù ní yàrá dígí; ọmọbìnrin náà ti jáde. "Ẹ̀gbọ́n, ìta ni wọ́n ti ń retí wa."

Mitsuyo kúnlẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀: ohun tí Ejiri wí, ohun tí òun fi dá a lóhùn, okùn tí òun fà. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo jó. Bàbá rẹ ló jó o, mo sì mọ̀ pé ó ń kú lọ nígbà tí mo tì í jáde."

Fumie kò jọ ẹni tínú ń bí. Ó jọ ẹni tó gbọ́ tí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn pe òkú rẹ̀.

"Bàbá mi kò jáde," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bí ẹ ti pa ilẹ̀kùn dé ló wó lé mi lọ́wọ́. Mo nawọ́ sí okùn, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, 'Má ké. Ẹni tó dì í ni yóò tú u.' Ni mo bá ń dúró dè yín."

"Ó ń mí?"

"Fún ìgbà díẹ̀."

Mitsuyo wo ibi tí Ejiri ti jókòó lọ́jọ́ náà.

"Mo kẹ́yìn sí aṣọ ìkélé," ni Fumie ń bá a lọ. "Mo gbọ́ tó gòkè, mo gbọ́ fèrè, mo ní ẹ ti rí i pé kò lè ṣeé ṣe fún un, ẹ ti jáde. Ìbòjú yẹn kò kúrò lójú bàbá mi títí ẹ fi wá tú u." Ó sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò bínú. Ohun kan ni mo ti ń fẹ́ bi yín látọjọ́ yìí. Ìbòjú kejì tí wọ́n fi jó lọ́jọ́ náà, níbo ló wà? A ti wá gbogbo àpótí."

Lórí ẹní tó wà láàárín wọn, ìbòjú tí ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kalẹ̀, èyí kan náà tí Mitsuyo dì mọ́ Ejiri lójú, kọjú sókè, okùn rẹ̀ nà sílẹ̀. Igi àjà ilé ìkẹ́rù náà tó ṣẹ́ ni Ejiri fi gbẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, ó ní ojú yìí kò ṣeé gbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ju ọ̀bẹ ìgbẹ́gi rẹ̀ sódò Asano níṣojú Mitsuyo. Kò gbẹ́ òmíràn títí ó fi kú, ilé eré náà kò sì ní ìbòjú mìíràn rí.