Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ̀ Pé Fóònù Ń Gbọ̀n

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni Nọ́ọ̀sì Oyíndà yà ní ṣọ́ọ̀bù Bùsírátù, télọ̀ ní Ṣàpọ́n, láti gba gáàùn tó fún un rán.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Lubabah."

"Oò, ẹ káàbọ̀, Nọ́ọ̀sì. Ẹ jókòó, bọ́tìnnì ló kù."

Bí Oyíndà ṣe fẹ́ jókòó ló rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, lábẹ́ máṣíìnì.

"Ìyá Lubabah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè."

Abẹ́rẹ́ tó kán ló gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ti wọlé dé ìdajì. Bùsírátù ń wò ó bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

"Ìgbà wo lèyí wọlé? Mi ò mọ nǹkan kan lára."

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí Bùsírátù ti ní ìtọ̀ ṣúgà. Nígbà kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa ta á bí ẹni fi ata pa á. Láti bí oṣù mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní, "Àlùhámúdùlíláì, ara ti yá." Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fo oògùn.

Oyíndà kò fa abẹ́rẹ́ náà yọ. Ó ní dókítà ni yóò yọ ọ́. Ó fi aṣọ mímọ́ wé ẹsẹ̀ náà, ó ní kí Lubabah ọmọ rẹ̀ lọ pe táksí. Bí wọ́n ti ń dúró, ó gbé fóònù rẹ̀ lé ẹ̀yìn ọwọ́ Bùsírátù, ó jẹ́ kó máa gbọ̀n.

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?"

"Ó ń gbọ̀n rìrì."

"Ẹ dijú. Tó bá tún ti ń gbọ̀n, ẹ sọ fún mi."

Ó gbé e lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì, èyí tí kò lọ́gbẹ́. Ariwo mọ́tò títì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìró rẹ̀. Bùsírátù dúró, dúró.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Ẹ lajú, Mà."

Fóònù náà ń gbọ̀n lórí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Omi lé ròrò sójú Bùsírátù.

"Èmi rò pé ó ti san ni."

"Kò san, Mà. Ṣúgà ti ba iṣan tó ń jẹ́ kéèyàn mọ ìrora jẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń ta yín tẹ́lẹ̀ ń ké ni. Ní báyìí, ó ti yadi."

Ní ọsibítù, dókítà yọ abẹ́rẹ́ náà, ó fi irinṣẹ́ tirẹ̀ yẹ ẹsẹ̀ méjèèjì wò, ó sì rí ohun kan náà.

"Ká ní abẹ́rẹ́ yìí pẹ́ níbẹ̀ ni," ó ní, "ọ̀rọ̀ gígé ẹsẹ̀ là bá máa sọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni egbò náà fi jiná. Ẹsẹ̀ kò tíì mọ nǹkan lára bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Bùsírátù ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, bàtà ló sì fi ń tẹ máṣíìnì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ dijú, kí ará ilé yín gbé fóònù tó ń gbọ̀n lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yín. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n lára, ẹ tètè lọ rí dókítà. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ ṣì jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ẹsẹ̀ yín wò lọ́dọọdún, torí fóònù kì í ṣe dókítà. Ẹ má fo oògùn, ẹ má rìn láìwọ bàtà. Lójoojúmọ́, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín, pàápàá nígbà tí kò bá dùn yín rárá.